Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹgbẹ́ Obìnrin Olórin Ọkọ̀ Má Ṣe Kúrò ní Ugbonla

Ẹgbẹ́ Obìnrin Olórin Ọkọ̀,
Ilé Orin, Ẹ̀bá Èbúté,
Ugbonla,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Àwọn Ẹgbẹ́ Àṣà Etí Òkun,
Igbókọ̀dá,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÀṢẸ TÍ Ẹ PA LÓRÍ ẸGBẸ́ OBÌNRIN OLÓRIN ỌKỌ̀ DÚRÓ, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ A MÁA BÁ IṢẸ́ WA LỌ NÍ UGBONLA

Lẹ́tà tí ẹ kọ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí. Mo kà á fúnra mi, lẹ́yìn náà ni mo kà á sí etí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ sọ nínú rẹ̀ pé ẹ ti yọ orúkọ wa kúrò nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́, àti pé ẹ óò yan olùdarí tuntun tó ní ìwé ẹ̀rí fún wa. Ẹ ní kí a kó ọkọ̀ ńlá wa, àwọn ìwé wa àti kọ́kọ́rọ́ Ilé Orin fún un kí oṣù yìí tó parí. Ẹ tún ní láti oṣù Kọkànlá lọ, gbọ̀ngàn tó wà ní Igbókọ̀dá ni a óò ti máa kọrin. Mo ń kọ̀wé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ dá àṣẹ náà dúró, kí ẹ gbọ́ tẹnu wa.

Èmi ni alága ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, ìyá ọmọ márùn-ún, ìyá àgbà ọmọ mẹ́tàdínlógún. Obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wá nínú ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń yan ẹja, àwọn díẹ̀ ń tajà wẹ́wẹ́, ẹnìkan jẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ orin tí àwọn ìyá wa fi ń wa ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dé odò, kí a sì fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Kò sí ẹni tó ń jẹ èrè kankan nínú rẹ̀. Àwa la kọ́ Ilé Orin fúnra wa. Nígbà tí òkun gba ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún 2021, àwa la tú pákó rẹ̀, tí a kó o sínú ọkọ̀, tí a sì tún un gbé ró sórí òpó níbi tó wà báyìí.

Ìròyìn tí òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Báyọ̀ Ọlárìndé, kọ nípa wa wà lẹ́yìn lẹ́tà yín. Ó wá sí Ugbonla ní Ọjọ́rú, ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ. Ohun mẹ́ta ló kọ: pé a kì í ṣe ìpàdé ní ọjọ́ tí a sọ pé à ń ṣe é, pé ohun èlò wa ti di ohun àtijọ́ tí a kò lò mọ́, àti pé àwọn obìnrin mẹ́ta ń bá ara wọn du ipò olórí. N kò sọ pé ó purọ́. Ohun tó rí ló kọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó rí fún yín.

Ti ìpàdé, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí ni fọ́ọ̀mù yín dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti lo ọdún méjì ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nígbà náà, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé èmi ni màá kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n béèrè ọjọ́ ìpàdé, mo kọ Ọjọ́rú. Wọ́n béèrè àkókò. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí omi bá kún ni à ń pàdé, nítorí pé bí omi bá ti fà, orí ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá wa máa ń jókòó sí, kò lè léfòó. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò gbà ju iye ago lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i pé omi ti kún. Mo béèrè ohun tí ago wí, wọ́n ní mẹ́wàá. Mo kọ ago mẹ́wàá àárọ̀ síbẹ̀, inú mi sì dùn pé mo kọ òótọ́.

Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà. Bí omi bá kún ní ago mẹ́wàá lónìí, yóò ti sún síwájú lọ́la, yóò tún sún sí i lọ́tùnla. Kò sí ọmọ kékeré kan ní Ugbonla tí kò mọ èyí, ìdí nìyí tí kò fi wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó máa ka fọ́ọ̀mù náà lè má mọ̀ ọ́n. Happiness, tí í ṣe akọ̀wé wa, tún un kà kí a tó fi ránṣẹ́. Mo kà á fún àwọn tó kù náà. Kò sí ẹnì kankan nínú obìnrin mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó rí àléébù kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé dé ní ago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ti fà, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé e wá kò lè sún mọ́ àtẹ̀gùn wa. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé ilẹ̀ ni, ó sì rì dé orúnkún. Aṣọ rẹ̀ bàjẹ́, a kò sì tíì rí bàtà rẹ̀ kan títí di òní. Èyí dùn wá púpọ̀. Ọmọ ẹni ni, ó jìnnà sí ilé, ìjọba ló rán an níṣẹ́. Ká ní mo wà nílé ni, màá ti bu omi fún un, màá sì fún un lóúnjẹ. Ọjà Mahintedo ni mo lọ láàárọ̀ yẹn.

Ìwé ìpàdé wa fi hàn pé ní ọjọ́ yẹn gan-an, a pàdé ní ago méjì ọ̀sán nígbà tí omi kún. Obìnrin mọ́kànlélógún àti ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wá. Òṣìṣẹ́ yín ti lọ ní ago mọ́kànlá, nítorí pé awakọ̀ rẹ̀ ní èrò mìíràn láti gbé. Mo ti so ẹ̀dà ojú ìwé náà mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ óò rí ọwọ́ Happiness níbẹ̀.

Ní ti ohun èlò wa, ó wo inú ilé láti ojú fèrèsé, ó sì rí àjẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a fi ń wa ọkọ̀ lára ògiri. Ó rò pé a gbé wọn kọ́ síbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ìwé orúkọ wa nìyẹn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣó tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ tàbí àmì rẹ̀ wà lókè rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí kò wá, a kì í pe orúkọ, ògiri la máa ń wò. Ẹni tí àjẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́kù sórí ìṣó ni kò wá. Bó bá ṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, a ó rán ẹnìkan lọ sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ ní ọdún tó kọjá pé ọ̀kan nínú wa ń ṣàìsàn, tó sì ń fi pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yín wá, gbogbo àjẹ̀ ló wà lórí ìṣó nítorí pé ní wákàtí yẹn kò sí ẹni tó yẹ kó wà lórí omi.

Ọ̀rọ̀ olórí ló dùn mí jù, nítorí pé ẹ̀fẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé kò rí wa, ó lọ bá àwọn tó ń yan ẹja ní èbúté. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nìyí, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe rò ó fún mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni olórí ẹgbẹ́ olórin yìí?"

Ọ̀kan ní, "Màmá Rhoda ni."

Èkejì ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Veronica ni."

Ìgbà náà ni Beauty, ọ̀kan nínú wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, fi orúkọ tèmi náà kún un pé, "Ìyá Moríkẹ́ wá ńkọ́? Ọmọ wa, mẹ́ta la ní. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí Igbókọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ yín ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ti bá Beauty wí. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, pé òun kò mọ̀ pé ìjọba máa ń kọ yẹ̀yẹ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé mẹ́ta ni wá, kò sì sí ìjà láàárín wa. Bí a bá wà lórí ilẹ̀, èmi ni alága. Èmi ni mò ń pe ìpàdé, èmi ni mò ń parí aáwọ̀, èmi ni mò ń gba àlejò. Bí a bá ti wọnú ọkọ̀, Veronica ni olórí, ẹni tó jókòó sí ìdí ọkọ̀ tó ń tọ́ ọ. Níbẹ̀, èmi alága, àjẹ̀ ni mò ń fà bíi ti gbogbo èrò, bó bá sì ní kí n dákẹ́, màá dákẹ́. Bí orin bá sì ti bẹ̀rẹ̀, Màmá Rhoda, adárin wa, ló ni gbogbo wa, àti Veronica pẹ̀lú, nítorí pé bí orin bá ṣe yá sí ni àjẹ̀ yóò ṣe máa wọ omi.

A kò bí ètò yìí mọ́ wa, a kọ́ ọ ni. Ní ọdún 2022, àlejò pàtàkì kan wá láti ìlú ńlá, ó ní kí a jáde lórí omi kí òun lè fi fóònù ya wá. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ojú tì mí láti sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, ni mo bá pàṣẹ kí wọ́n tú ọkọ̀. Veronica gbé àjẹ̀ rẹ̀ kọ́ padà sórí ìṣó, ó sì jókòó. Mo bínú sí i lójú àlejò, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Kò ju wákàtí kan lọ tí ìjì fi ṣí òrùlé ilé mẹ́rin lójú wa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti wà nínú òfin wa pé alága kò ní àṣẹ láti ní kí ọkọ̀ jáde. Èmi fúnra mi ni mo dá àbá òfin náà. Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹ bá fi olùdarí kan ṣoṣo sí orí ohun gbogbo, bó ti wù kó kàwé tó, ẹ ń mú ohun tó gbà wá là kúrò ni.

A kò kórìíra ẹni tí ẹ fẹ́ yàn. A kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rán ẹni tó kàwé sí wa kó máa bá wa kọ lẹ́tà, kó máa bá wa wo fọ́ọ̀mù kí irú àṣìṣe tèmi má tún wáyé, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, a ó sì fún un ní ìṣó tirẹ̀ lára ògiri.

Ní ti gbọ̀ngàn Igbókọ̀dá, a mọ̀ pé inú rere lẹ fi rò ó. Ó ní iná, ó ní àga, òjò kì í wọ ibẹ̀. A ti kọrin níbẹ̀ rí, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Wọ́n tò wá sórí pèpéle, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú wa. Orin kìíní ṣeé gbọ́. Nígbà tó di èkejì, a kò mọ ibi tó yẹ kí a ti mí mọ́. Àwọn elégbè kan ti parí kí àwọn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Veronica sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ jókòó, ẹ máa wà á." Ni gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tuntun, à ń fi ọwọ́ lásán wa ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀, orin sì padà bọ̀ sípò. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwa náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé lọ́jọ́ náà la ti mọ̀ pé orin wa kò ṣeé kọ níbẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Màmá Rhoda ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ojú wọn méjèèjì kò ríran mọ́. Orin mẹ́tàlélógójì ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí ẹlòmíràn láti ibí títí dé Awoye tó tún mọ gbogbo rẹ̀. A ti wá kiri. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti gbà lẹ́nu wọn. Ó ku mẹ́rìnlá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ni pé a ó gbé wọn pẹ̀lú àga wọn sí àárín ọkọ̀, wọ́n ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wà. Inú pákó ni wọ́n ti ń gbọ́ wa. Bí àjẹ̀ wa bá ti bára mu, wọ́n ó dá orin. Happiness gbìyànjú láti gba orin wọn sórí fóònù nínú yàrá lọ́dún tó kọjá, nítorí pé àwa náà ń bẹ̀rù ọjọ́ tó ń bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n dé ìlà kejì, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ yín dà? Mi ò gbọ́ ọwọ́ yín." A fi ọwọ́ lu tábìlì, a fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, orin náà kò jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí omi, wọ́n kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsinmi.

Wọn kò lè wá sí Igbókọ̀dá. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn ti kìlọ̀ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ gbo eegun ẹ̀yìn wọn jìgìjìgì bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá kó àwa àti ọkọ̀ wa lọ, wọ́n ó kù síbí pẹ̀lú orin mẹ́rìnlá.

Ọmọ-ọmọ mi, Ayọ̀mikún, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun ni Màmá Rhoda yàn pé kó máa jókòó ti ẹsẹ̀ wọn láti kọ́ bí a ṣe ń dá orin. Ó ti lè dá mọ́kànlá fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní èbúté, wọ́n ó sọ fún yín pé àwọn tó ń lọ dẹ àwọ̀n máa ń pa ẹ́ńjìnnì wọn kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Orin kan máa ń gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó jókòó. Ẹ lè ṣírò ohun tó kù fúnra yín.

Nítorí náà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ dá orúkọ ẹgbẹ́ wa padà sínú ìwé yín, kí ẹ fagi lé àṣẹ pé kí a kó lọ sí Igbókọ̀dá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ àti Ilé Orin wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá fẹ́ tún rán ẹnìkan wá wò wá, Ọ̀gbẹ́ni Ọlárìndé náà ni a ó fẹ́ràn kó wá. Ẹ má bá a wí nítorí wa.

Ohun kan ló kù, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo sì fi rò ó kí n tó lè kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé òfin yín kò gba alága tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn, ẹ yọ mí. Happiness parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún mẹ́fà ló ti fi jẹ́ akọ̀wé, ẹgbẹ́ sì fọkàn tán an. Kò tíì mọ̀ pé mo kọ èyí. N kò ní tàn yín pé kò ní dùn mí. Mo fẹ́ràn ipò yìí, mo fẹ́ràn kí wọ́n máa ké sí mi ní Alága bí mo bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n orí omi ni Màmá Rhoda ti lè rántí orin, èmi sì lè fa àjẹ̀ láìjẹ́ alága. Ẹ gba ipò náà lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ síbi tó wà.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fi sùúrù ka ìwé mi dé ibí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Moríkẹ́ Olówòkéré (Ìyáàfin),
Alága, Ẹgbẹ́ Obìnrin Olórin Ọkọ̀, Ugbonla,
títí èsì yín yóò fi dé.